Ọdún Tí Mo Bọ́ Ẹṣin Bí Àgbò Iléyà

Bí ẹnì kan bá bi mí pé ohùn wo ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀ láyé, mi ò ní purọ́ pé ohùn ìyá mi ni. Ohùn igbá ni. Kí ìpè àdúrà Àsúbà tó tán, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á ti wọ́ bàtà rẹ̀ gba ẹ̀yìn ilé lọ sí ìso ẹṣin, á fi ìdí igbá kan etí ọpọ́n tí ẹṣin fi ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta: kò, kò, kò. Ẹṣin á yán. Ó máa ń yán bí ẹni tó ti ń dúró láti àná, ohùn rẹ̀ á gba orí òrùlé wa kọjá, àwọn ewúrẹ́ á dìde, àkùkọ á kọ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í dá iná ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà ni wàá gbọ́ ìgbálẹ̀ àwa ọmọdé, ṣáà, ṣáà, nínú yanrìn àgbàlá. Ọmọ tó bá ṣì wà lórí ẹní lẹ́yìn tí Àkànní ti yán, ẹ̀kọ tútù ló máa bá. Àkànní ni orúkọ ẹṣin náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Rófíà, ọmọ ọmọ mi tó ń kọ èyí sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ti rẹ́rìn-ín tirẹ̀ tán kó tó kọ ọ́. Ẹṣin pupa ni, ilà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba iwájú orí rẹ̀ wálẹ̀ dé imú. Àwọn ìyàwó ilé wa kì í pè é lórúkọ, "ọkọ mi" ni wọ́n ń pè é, torí pé ó ti wà nínú ilé kí wọ́n tó gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn wọlé.

Ẹṣin Baálẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa ló ń jẹ, ọ̀dọ̀ wa ló ń sùn. Ìlú wa kéré, ó wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Ṣakí, Ilé Ẹlẹ́ṣin ni wọ́n sì ń pe ilé wa láti ìgbà tí bàbá mi kò tíì sí láyé. Iṣẹ́ tí ìlú gbé lé wa lọ́wọ́ kò ju pé kí ẹṣin Baálẹ̀ má ṣàìsàn, kó gbé Baálẹ̀ lọ sí Yídì láàárọ̀ Iléyà, kó gbé e padà, kí gbogbo ojú rí i. Ọkùnrin ló ń di gàárì, ọkùnrin ló ń di ìjánu mú, ṣùgbọ́n oúnjẹ rẹ̀, ọwọ́ obìnrin ló wà. Ìyá Àgbà gbà á lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Ó ní ọkùnrin kì í mọ ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ yó, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ẹṣin.

Òfin oúnjẹ Àkànní kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan nínú ilé wa tí kò lè kà á bí ẹni ń ka Fátíhà. Ìyá Àgbà á ní, "Koríko ni àkọ́bí." Àwa á dáhùn pé, "Omi ló tẹ̀ lé e." Á ní, "Ọkà ńkọ́?" A ó pariwo pé, "Ọkà ni àbúrò, àbúrò kì í ti ẹ̀gbọ́n sẹ́yìn wọlé!" Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójoojúmọ́. Koríko ni ẹṣin kọ́kọ́ ń jẹ, kí inú rẹ̀ lè ní ohun tó máa fi gba ọkà. Nígbà òjò, etí odò la ti ń gé e, a kì í sì í gbé e fún un tòun ti ìrì. A ó kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sí oòrùn, torí koríko tútù a máa fẹ́ ẹṣin nínú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà tí a ti sá gbẹ ni, a ó gbọn eruku rẹ̀ dànù dáadáa kó má baà máa wúkọ́. Omi á tẹ̀ lé e, èèyàn á sì ti jẹ ẹ̀kọ tán kí ọkà tó dé. Òkúta káún kan wà tí wọ́n so mọ́ òpó, ó ń lá a nígbà tó bá wù ú, ó ti lá a títí ó fi dán bí eyín. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ló wá kan ọkà bàbà, igbá kan láàárọ̀, igbá kan nírọ̀lẹ́, kò gbọdọ̀ kọjá ojú àmì. Àmì yìí, ìyá ọkọ Ìyá Àgbà ló fi irin gbígbóná jó o yí inú igbá ká, ó jìn tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná lè wọ̀ ọ́.

Bí Àkànní bá ti jẹun tán, Ìyá Àgbà á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á wo ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí ìlú ńlá, ẹ di imú yín mú. Ìyá Àgbà ń ka ìgbẹ́ ẹṣin bí àlùfáà ṣe ń ka wàláà. Bó bá le jù, ó ní omi kò tó. Bó bá rí odidi ọkà nínú rẹ̀, ó ní eyín ẹṣin ti mú jù, kò rún oúnjẹ kúnná, wọ́n á lọ pe ẹni tó máa fi irin bá a ha á. "Èèyàn lè bì," bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ, tí ìgbẹ́ bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, "ajá lè bì, ológbò lè bì. Ẹṣin kì í bì. Ohun tó bá ti gbé mì, àfi kó gba ìsàlẹ̀ jáde, àbí kó pa á. Torí náà, ẹni tó bá gbé igbá dání, òun ni ọ̀fun ẹṣin." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò gbọ́ ọ mọ́, bí ẹni tó ń gbé lẹ́bàá odò ṣe kì í gbọ́ omi.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má bi mí ní iye tí wọ́n ń pè é. Ọdún tí Ìyá Àgbà kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́ ni. Eyín iwájú mi méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ hù padà, èmi ni mo sì ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Iléyà bọ́ sí ìgbà ìkórè ọkà bàbà lọ́dún náà, inú ọyẹ́. Ètè gbogbo wa là, a fi òrí pa á. Àwọn àgbà ń ti oko dé tòun ti ẹrù ọkà lórí, òkìtì ọkà tuntun ga ju èmi lọ láàárín àgbàlá, ariwo ọ̀pá tí wọ́n fi ń lù ú kò jẹ́ ká gbọ́ ohùn ara wa. Oúnjẹ pọ̀! Tùwó ọkà tuntun àti ọbẹ̀ ilá, wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri tí ìyá mi máa ń dín fún wa títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi pọ́n. Nínú gbogbo èèyàn àti ẹran tó wà nílé wa, Àkànní nìkan ni ara rẹ̀ kò kún. Ẹ̀ẹ̀rùn ti jó koríko tútù mọ́ etí odò, Ìyá Àgbà kò sì fi ẹ̀kúnwọ́ kan kún oúnjẹ rẹ̀ nítorí pé ọkà pọ̀ nílẹ̀. "Ọkà tuntun, kó ṣì dúró ná," ni ó wí. "Kò tíì mọ inú ẹṣin, inú ẹṣin náà kò tíì mọ̀ ọ́n." Ọkà ọdún tó kọjá ló ṣì ń bù fún un láti inú ìkòkò.

Bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ nígbà tó bá gbé igbá. Lọ́sẹ̀ kan, ó rí i tó da ọkà sí ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n. Kò sọ nǹkan kan síta, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyá mi pé tí Iléyà bá ti kọjá, kí wọ́n gba igbá náà lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, kó lè sinmi. Kí wọ́n gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀! Létí mi, bí ẹni ní kí wọ́n gba tẹ̀súbáà lọ́wọ́ lèmọ́ọ̀mù ni. Ìyá Àgbà tí kò ní igbá lọ́wọ́, kí ló tún máa fi jí wa?

Inú èrò yẹn ni mo wà tí Sínátù fi kò mí lójú. Ọ̀rẹ́ mi ni, ọ̀tá mi náà sì ni, ilé wọn dojú kọ tiwa. Àgbò Iléyà wọn ń bẹ lórí ìso níwájú ilé, ọrùn rẹ̀ ti wọnú èjìká.

"Àṣàkẹ́," ó ní, "ṣé ẹṣin yín ń gbààwẹ̀ ni? Ààwẹ̀ ti lọ o."

"Kò gbààwẹ̀ kankan."

"Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wa níbí, mò ń rí egungun ìhà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí àkàbà. Wá wo ẹ̀yìn àgbò wa, pẹrẹsẹ! Mo lè gbé àwo ọbẹ̀ lé e, kò ní dà."

"Ẹṣin kì í ṣe àgbò."

"Ṣé kò ní ikùn ni? Ẹ máa gbé Baálẹ̀ jókòó sórí egungun, àwọn tó ń ti Ìsẹ́yìn bọ̀ wá ṣọdún á sì rí i. Wọ́n á ní, ta ló ń bọ́ ẹṣin yìí?"

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló wọ̀ mí lára. Ta ló ń bọ́ ẹṣin yìí. Mo gbé ìgbéraga mi mì, mo bi í pé kí ni wọ́n ń fún àgbò. Sínátù wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó fẹ́ tú àṣírí ìlú. Ó ní ọkà ni, kó jẹ ẹ́ títí kó má lè jẹ mọ́, lẹ́yìn náà omi iyọ̀. Omi yẹn á jẹ́ kí ọkà wú nínú rẹ̀, ara rẹ̀ á kún fọ́fọ́. "Ọjọ́ mẹ́ta péré," ó ní, "wàá rí i." Mo wá rò ó nínú mi pé bí Àkànní bá sanra kí ọdún tó pé, ta ni yóò lẹ́nu láti sọ pé ojú ìyá tó ń bọ́ ọ ti bàjẹ́?

Ó ku ọjọ́ márùn-ún sí Iléyà. Lẹ́yìn àdúrà Àílà, àwọn àgbà ti padà sóko, Ìyá Àgbà na ẹ̀yìn sórí ẹní, mo yọ́ mú igbá, mo bu ọkà tuntun láti inú òkìtì. Ti àkọ́kọ́, mo jẹ́ kó kọjá ojú àmì. Èkejì, mo jẹ́ kó ga bí òkè. Ẹ̀kẹta, mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè gbà sí i. Ṣé ẹ ti gbọ́ bí ẹṣin ṣe ń rún ọkà rí? Ó dà bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Mo jókòó tì í, mò ń gbọ́ ọ, inú mi dùn dé gongo. Ó ń fi imú gbígbóná rẹ̀ tì mí léjìká. Mo da ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ méjì sínú korobá omi, ó fà á mu tán. Mo nu ọpọ́n, mo gbá ojú ẹsẹ̀ mi rẹ́ nínú yanrìn. Nírọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà gbé igbá tirẹ̀ dé, ó dé ojú àmì gẹ́lẹ́. Àkànní tọ́ ọ wò, ó gbé orí kúrò. "Ọkọ mi, kí ló ṣe ọ́?" ni Ìyá Àgbà bi í. Ilẹ̀ ni mò ń wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbọ́ igbá: kò, kò, kò. Mi ò gbọ́ ẹṣin. Ìyá Àgbà tún kan án. Kò sí. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ọjọ́ náà ni igbá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní ilé wa tí ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Kò sẹ́ni tó gbé ìgbálẹ̀. Gbogbo wa sáré lọ sẹ́yìn. Àkànní dúró, òógùn bò ó nínú ọyẹ́, ó ń fi pátákò wa ilẹ̀, ó ń yí orí padà wo ìhà ara rẹ̀ bí ẹni tí ẹnì kan ń pè láti inú ikùn. Ó fẹ́ dùbúlẹ̀ kó máa yí, bàbá mi di okùn rẹ̀ mú kó má lè wó lulẹ̀. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ wá ilẹ̀ yíká. Ilẹ̀ mọ́ fónífóní. Kò sí nǹkan kan tó lè kà.

"Kí ló jẹ?" ó bèèrè. Ó bi ìyá mi, ó bi àwọn ìyàwó ilé, ó bi àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kàn mí, mo ní mi ò mọ̀.

Bàbá mi fa ohùn sílẹ̀. "Ìyá, ẹ má bínú. Ṣé kì í ṣe pé ẹ bù ún jù lánàá?"

"Ìka mi ni mo fi ń wò ó, Lásísì. Ìka kò nílò àtùpà."

"Mo mọ̀, Ìyá. Ṣùgbọ́n mo rí i tí ọkà dà nù lọ́wọ́ yín lọ́jọ́sí."

Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ súnmọ́ ojú, ó ń wo ìka rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ tí wọ́n wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn. "Bóyá ìka náà ti darúgbó," ó ní. "Ó lè jẹ́ èmi ni." Ó gbé igbá sílẹ̀. Mo ti gba pàṣán rí, akeekèé ti ta mí rí, kò sí èyí tó dùn mí tó bí igbá yẹn ṣe kan ilẹ̀. Síbẹ̀ ẹnu mi kò ṣí. Ọmọdé ni mí, mò ń retí pé kí nǹkan ṣàdédé dára fúnra rẹ̀.

Oòrùn yọ, èrò pọ̀. Ẹnì kan ní òtútù ló mú un. Òmíràn ní ebi ni, ṣebí kò jẹun alẹ́. Ti ebi yìí ni bàbá mi gbà gbọ́. Ó ní kí ìyá mi gbé ẹ̀kọ ọkà bàbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wá, kí wọ́n fi ìwo màlúù dà á sí i lẹ́nu, agbára á padà sára rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, Ìyá Àgbà ì bá ti fi ohùn kan dá gbogbo wọn dúró. Lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó sórí òkúta, ó jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́, torí kò gba ọwọ́ ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Bàbá mi gbé orí ẹṣin sókè. Ìyá mi bu ẹ̀kọ sínú ìwo, èéfín ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo wo ẹ̀kọ yẹn, ọkà ni, ọkà mìíràn tó fẹ́ lọ bá ọkà tèmi. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ẹṣin kì í bì.

"Ẹ má fún un! Ẹ má fún un o! Mo ti fún un! Ó ti yó!"

Ìwo dúró lókè. Gbogbo ojú wá sára mi.

"Súnmọ́ ibí," ni Ìyá Àgbà wí. Kò pariwo. "Kí lo fún un?"

"Ọkà."

"Igbá mélòó?"

"Igbá kan, mà."

Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ mi mú. "Àṣàkẹ́, ẹṣin ni kì í bì. Ìwọ lè bì. Bì í tán."

Ni mo bá bú sẹ́kún, mo bì í. Mẹ́ta ni. Ó kọjá ojú àmì. Mo fi ọwọ́ tẹ ẹ̀kẹta mọ́lẹ̀. Ọkà tuntun ni. Àná ni, lẹ́yìn Àílà. Mo sì fún un ní omi lé e lórí, korobá kan, mo fi iyọ̀ sí i.

"Iyọ̀!" ni ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ké. "Ó kù kó gún ata sí i!"

"Ta ló kọ́ ọ?" ni bàbá mi bi mí.

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àgbò ilé Sínátù ni."

Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. "Ọmọ yìí! Ọ̀bẹ la ń bọ́ àgbò dè. Ọ̀nà la ń bọ́ ẹṣin fún." Lẹ́yìn náà ó dìde, ẹ ò rí i bó ṣe dìde, bí ẹni tí wọ́n sọ̀ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Lásísì, o gbọ́? Kì í ṣe ìka mi."

"Mo gbọ́, Ìyá." Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, tòun ti okùn ẹṣin lọ́wọ́.

"Dìde, di ẹṣin mú. Ìyàwó, da ẹ̀kọ yẹn fún adìyẹ. Ẹ gbé òróró ẹ̀pà wá. Kí ẹnikẹ́ni má fún un ní ewé kan ṣoṣo. Ẹ máa mú un rìn, kó má dùbúlẹ̀, kó má yí."

Báyìí ni gbogbo ilé ṣe bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Wọ́n da òróró sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, wọ́n wá ń mú un yí àgbàlá ká, bó bá rẹ bàbá mi, àbúrò rẹ̀ á gbà á, bó bá rẹ ìyẹn náà, àwọn ìyàwó á gbà á. "Ọkọ mi, máa rìn. Ọkọ mi, má dójú ti àwa ìyàwó rẹ." Èmi, Ìyá Àgbà fún mi ní iṣẹ́ tèmi. Bí wọ́n bá ti dúró sinmi, kí n gbé etí lé ẹ̀gbẹ́ ikùn ẹṣin, kí n sọ ohun tí mo gbọ́. "Ìwọ lo ti ilẹ̀kùn yìí," ó ní, "ìwọ lo máa dúró tì í títí yóò fi ṣí." Inú ẹṣin tí ara rẹ̀ le kì í dákẹ́, ó máa ń hó bí ìkòkò ẹ̀wà lórí iná. Mo gbé etí lé e, ó dákẹ́ bí ilé tí àwọn onílé ti kó kúrò. A tún yí ká. Ó dákẹ́. Wọ́n kírun Àílà tán, mo tún gbé etí lé e, ó dákẹ́. Irun ara rẹ̀ tó tutù fún òógùn lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, mò ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi, mò ń ṣèlérí oríṣiríṣi fún Ọlọ́run, títí kan pé mi ò ní jẹ wàrà mọ́ láéláé, ìlérí tí mi ò mú ṣẹ.

Oòrùn ti ń lọ sí ìwọ̀n Àṣàárì nígbà tí mo gbọ́ nǹkan kan. Kékeré ni, bí omi tó kán sínú ìkòkò òfìfo. Mo gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ilé dákẹ́. Ó tún kán. Lẹ́yìn náà, gùrùrù, láti ọ̀nà jíjìn, bí ẹni tó ń yí ọlọ. "Ó ń sọ̀rọ̀!" mo kígbe, "Ìyá Àgbà, inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀!" Kí n tó pa ẹnu dé, Àkànní gbé ìrù sókè, ó só. Kì í ṣe isó kékeré. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n bá fa aṣọ tuntun ya láti òkè délẹ̀, ó sì pẹ́. Bàbá mi ní, "Alihamudulilahi!" Ó tún só, gbogbo ilé dáhùn, "Alihamudulilahi!" Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ dé. Bàbá mi, tó jẹ́ pé tí adìyẹ bá yàgbẹ́ níwájú rẹ̀ yóò fẹ́ pa aládìyẹ, òun ló fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú kó tó kan ilẹ̀. Àwọn ìyàwó ń fò, ìyá mi ń fi ìdí ìwo lu ẹ̀yìn ìkòkò. Sínátù yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó wò wá títí, ó ní, "Ṣé ìgbẹ́ lẹ̀ ń yọ̀ sí báyìí?"

Ìyá Àgbà pín ìgbẹ́ náà sí méjì, ó fi ìka wá inú rẹ̀, ó mú odidi ọkà kan, ó gbé e sí mi ní àtẹ́lẹwọ́. "Gbà," ó ní, "ẹrù tí o dì ló dé." Bàbá mi ti ń wá pàṣán. Ìyá Àgbà ní kó fi sílẹ̀. "Ẹni tó ti bì, a kì í tún gbá a níkùn." Ìyà tí mo jẹ ni pé títí ọyẹ́ fi lọ, èmi ni mo ń lọ wá ìwọ̀nba koríko tó kù létí odò láràárọ̀, tí ìka mi ń gan. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, mo gbádùn ìyà yẹn.

Àwọn ọmọ òde òní kò mọ èyí. Ní Iléyà tó kọjá, mo rí àwọn géńdé tó ń fi búrẹ́dì bọ ẹṣin lẹ́nu, wọ́n ń fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n ní ó fẹ́ràn rẹ̀. Mo lé wọn pẹ̀lú ọ̀pá mi. Wọ́n ní, "Màmá, ìfẹ́ ni." Mo ní mo mọ ìfẹ́. Ìfẹ́ ni mo fẹ́ fi pa Àkànní.

Ọjọ́ Iléyà pé. Koríko àti ewé ẹ̀pà díẹ̀ pẹ̀lú omi nìkan ni Ìyá Àgbà ti ń fún un láti ọjọ́ náà, ọjọ́ kan ṣoṣo ló tún fún un ní ọkà, ìyẹn náà kò tó ìdajì igbá. Ó wá rù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Egungun tí Sínátù ń kà ti pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti fi òróró pa á lára, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Baálẹ̀ wé láwàní funfun, ó gùn ún, èrò tò sí ọ̀tún àti òsì títí dé Yídì. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí èrò ti pọ̀ jù, níwájú àwọn àlejò Ìsẹ́yìn gan-an, Àkànní dúró. Ó gbé ìrù sókè. Ó yàgbẹ́, rogodo rogodo, ó pọ̀ jaburata. Àwọn àlejò fi aṣọ bo imú. Ṣùgbọ́n láti ibi tí ará ilé wa dúró sí, ariwo kan sọ lẹ́ẹ̀kan náà: "Alihamudulilahi!" Èmi ni ohùn mi ga jù.

Baálẹ̀ yí orí padà. "Ẹ̀yin ará Ilé Ẹlẹ́ṣin, kí ló dé tí ẹ fi ń dúpẹ́ lẹ́yìn ẹṣin mi?"

Ìyá Àgbà ló kúnlẹ̀. "Kí ẹ pẹ́ fún wa, Baálẹ̀. Ara le ni. Ẹ máa lọ." Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí láwàní rẹ̀ fẹ́ tú.

Lọ́sàn-án, nígbà tí gbogbo àdúgbò ń rùn fún ẹran díndín, mo rí Sínátù ní ìso ẹṣin wa. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Kò lè jẹ nínú ẹran àgbò wọn, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ. Ó fi orí ti ọrùn Àkànní. "Tiyín ò ní kú, àbí?" ó bi mí. Mo ní kò ní kú. Mi ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbọn ewé ẹ̀pà, mo fún un ní ìdajì, a jọ ń fún Àkànní jẹ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi wà níbẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ gbígba igbá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló pè mí, ó gbé igbá lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Di ojú rẹ." Mo di í. Ó ní kí n fi ìka wá àmì. Mo wá a, mo rí i, ó rí ṣákaṣàka bí àpá ọgbẹ́. Ó ní kí n bu ọkà láìla ojú. Mo bù ú. Ó ti ìka tirẹ̀ bọ inú igbá, ó kan tèmi níbẹ̀, ìka àgbà àti ìka ọmọdé lórí àmì kan náà. "Ibẹ̀ ni kí o máa dúró," ó ní. Mo fi ìdí igbá kan etí ọpọ́n, kò, kò, kò. Àkànní yán.

Igbá yẹn ti là lẹ́ẹ̀mejì, mo ti rán an lẹ́ẹ̀mejì, ó wà lábẹ́ ibùsùn mi. Ẹṣin kan ṣì wà ní ìso wa, ẹ̀ ń gbọ́ ọ láràárọ̀. Ojú tèmi náà kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́ láti ọdún tó kọjá. Rófíà, fi bírò sílẹ̀. Lọ gbé igbá wá. Di ojú rẹ.